Ẹ̀gbọ́n Tí N Kò Bí

Ìyá Fìyìn, ẹ dúró díẹ̀. Bọ́ọ̀sì mìíràn ń bọ̀.

Bàtà ni mo kọ́kọ́ rí,
funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú, lẹ́yìn ilẹ̀kùn wa ní Plumstead,
ní aago méje àárọ̀ tí mo ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé.
Mo ti pààrọ̀ ìlédìí arúgbó mẹ́sàn-án,
mo ti fi ṣíbí fún Mísísì Halloran lómi mu,
ẹsẹ̀ mi wú.
Mo ní, ta ló ni bàtà?
Àńjọlá ní, "Ẹ̀gbọ́n kan ló rà á fún mi."
Mo ní Ọlọ́run ṣeun, a ṣì ń rí èèyàn rere.
Mo sùn.

Àkọ́bí mi ni Àńjọlá.
Níbo ni ẹ̀gbọ́n ti wá?
Oorun ò jẹ́ kí n ṣe ìṣirò yẹn.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ìkirè,
gbọ́mọgbọ́mọ tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà wá, àpò ló ń gbé kọ́ èjìká,
ọ̀sán gangan tí àdúgbò bá dá ló ń jáde.
Ti ibí yìí kò gbé àpò.
Adìẹ díndín ló gbé dání.
Ó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ ibùdó ọkọ̀ níbẹ̀ yẹn,
ó ń bi ọmọ ọlọ́mọ pé, "Ṣé o ti jẹun?"
Ìbéèrè tèmi nìyẹn!
Èmi kọ ọ́ sórí bébà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ fíríìjì:
ìrẹsì wà nínú abọ́, gbé e gbóná.
Ta ló lè bá bébà jókòó jẹun?

Lẹ́yìn bàtà, fóònù kejì.
Lẹ́yìn fóònù, "Ọ̀dọ̀ Kwabena ni mo sùn."
Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin nínú àpò ṣòkòtò tí mo fẹ́ fọ̀:
Clacton.
Ta la ní ní Clacton?
Òkun ló wà níbẹ̀; mo ní bóyá ilé ìwé ló kó wọn lọ wòkun.
Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín.
Ẹni tó ti rẹ̀ máa ń gba irọ́ tó bá jẹ́ kó sùn.

Wọ́n di ẹrù fún un pé kó gbé e lọ.
Àwọn náà ló tún rán ọmọ ìta kó já a gbà lọ́nà,
wọ́n ní ó ti jẹ gbèsè.
Ìyá ìyá mi mọ orúkọ ohun tí wọ́n fi ọmọ mi ṣe.
Ìwọ̀fà ni.
Ṣùgbọ́n èmi ò yá kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá.
Òru mẹ́ta lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, nínú yàrá aláìsàn kan tí kò mọ orúkọ rẹ̀.
Obìnrin ọlọ́pàá tó pè mí kò pè é ní olè.
Ó ní, "Wọ́n lò ó ni."
Bí ẹni lo àkísà.

A máa ń wí pé ọmọ tí a kò kọ́
ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.
Èyí tí mo kọ́, tó ń dọ̀bálẹ̀, tó mọ Sáàmù,
òun gan-an ni wọ́n gbé tà.
Ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ní ó lọ kí àǹtí rẹ̀ ní Luton.
Oṣù méjì ni mo fi jẹ irọ́ yẹn bí oúnjẹ.

Ó ti wálé báyìí. Ó ń fò sókè tí fóònù bá dún.
Mo fẹ́ gbé igi tì í, mo fẹ́ pariwo,
mo wá bu ìrẹsì sí abọ́ kan, ṣíbí méjì.
Ẹ má lé e síta, ẹ jọ̀ọ́.
Ìta ni wọ́n ti ń dúró dè é.

Bọ́ọ̀sì yín ti dé. Ẹ má bínú sí mi.
Bàtà tuntun tí mo rí lẹ́sẹ̀ Fìyìn lánàá,
ṣé ẹ̀yin lẹ rà á?